Abọ́ Tí A Kọ́kọ́ Bù

 Ní òwúrọ̀ yìí, a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí ohun kékeré kan tí ó kan ilé olúkúlùkù wa: ní ọjọ́ Kérésìmesì, abọ́ ta ni a máa ń kọ́kọ́ bù?

Ní ọdún kan, lẹ́yìn ìsìn Kérésìmesì, ìdílé kan nínú ìjọ pè wá wá jẹun. Ìrẹsì wà, adìyẹ wà, mọ́ínmọ́ín sì wà. Bí a ti jẹun tán, a gbọ́ ohùn ọmọdé kan lẹ́nu ọ̀nà, "Sadaka, saboda Allah." Ó ń tọrọ sàráà nítorí Ọlọ́run. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kéwú tí a ń pè ní almajiri ni, abọ́ ike rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ọmọkùnrin ilé náà, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, ti dìde. Ó kó àwọn àwo tí a ti jẹ tán jọ, ó gbọ́n ìyókù ìrẹsì àti eegun inú wọn sínú abọ́ ike náà, ó sì padà wá jókòó tayọ̀tayọ̀. Àwọn òbí rẹ̀ yìn ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n eegun tí àwa fúnra wa ti jẹ ẹran ara rẹ̀ tán wà nínú abọ́ náà. A kò sọ nǹkan kan ní ọjọ́ náà, nítorí bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì. Òní ni a ń sọ ọ́.

A kò dá ọmọ náà lẹ́bi o. Inú rere wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó jókòó kọ́ ọ pé ìyókù ni ti tálákà; ojú ni ó fi kọ́ ọ. Kékeré ni a sì ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ẹ jẹ́ kí a rántí irú ẹni tí àwa pàápàá jẹ́ ní ìlú yìí. Nígbà tí ojú irin láti Èkó dé Kano ní nǹkan bí ọdún 1911, àwọn baba wa bá ọkọ̀ ojú irin wá gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀yìn odi ìlú ni a ti fún irú àwọn àlejò bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀, a sì pe ibẹ̀ ní Sabon Gari, èyí tí í ṣe Ìlú Titun. Títí di òní, Yoruba Road àti Abeokuta Road ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń jẹ́rìí. Ní ilẹ̀ tiwa náà, ní Ìbàdàn, a ya Sábó sọ́tọ̀ fún àwọn Hausa ní 1916. Orúkọ kan náà ni. Àlejò ni wọ́n lọ́dọ̀ wa, àlejò ni àwa lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ náà almajiri pàápàá, inú èdè Lárúbáwá ni ó ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ẹni tí ó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Ọmọ tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa kò sí lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Màríà àti Jósẹ́fù kò sí nílé ní alẹ́ tí a bí Olúwa wa.

A mọ ohun tí ẹ ó sọ. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù May 2023, owó ọkọ̀ sí ilé ti di ohun tí bàbá ń fi ọwọ́ lérán rò. Ìdílé tí ó ti máa ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà fún ọdún lè máa ṣe ti ọdún yìí ní Kano. Ẹni tí kò yó, báwo ni yóò ṣe fún ẹlòmíràn?

Ẹ rántí opó Sáréfátì nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí kẹtàdínlógún. Ọ̀dá dá, ìyẹ̀fun ẹ̀kúnwọ́ kan àti òróró díẹ̀ ni ó kù fún òun àti ọmọ rẹ̀. Wòlíì Èlíjà, tí òun náà jẹ́ àlejò, kò ní kí ó kó gbogbo rẹ̀ wá, kò sì ní kí ó mú ìyókù wá. Ó ní kí ó kọ́kọ́ ṣe èyí tí ó kéré fún òun, lẹ́yìn náà kí ó ṣe tirẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀. Kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ni àkọ́kọ́. Gbogbo ilé obìnrin náà sì jẹun fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Kí ni kí a wá ṣe? Èkíní, kí a bu abọ́ àlejò láti inú ìkòkò kí a tó bu tiwa, kí ẹran sì wà lórí rẹ̀. Kí ó jẹ́ ohun tí ẹ̀sìn ẹni náà gbà. Àwọn ìdílé Yorùbá mìíràn a máa pe Mùsùlùmí aládùúgbò láti bá wọn pa adìyẹ ọdún, kí gbogbo ènìyàn lè jẹ níbẹ̀. Àṣà rere ni.

Èkejì, kí ọmọ wa fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ náà jáde, kí ó kí ẹni náà, kí ó sì béèrè orúkọ rẹ̀. Kí ó fi díẹ̀ kún un nínú owó tí àwọn àgbà fún un ní ọjọ́ ọdún. Kí òun fúnra rẹ̀ yan iye tí yóò jẹ́. Ohun tí a bá fi ipá gbà kì í ṣe ọrẹ.

Ẹ̀kẹta, kí a wo ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń bá wa ṣiṣẹ́ ilé. Bí aṣọ titun bá wà fún ọmọ tiwa tí kò sí fún un, bí ó bá sì jẹ́ ìdí ààrò ni ó ti ń dá jẹun, kí ni àwọn ọmọ wa yóò rí kọ́? Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní.

Ọjọ́ kejì Kérésìmesì, 26 December, ni ọjọ́ Stéfánù Mímọ́. A mọ̀ ọ́n sí ajẹ́rìíkú tí a sọ ní òkúta. Ṣùgbọ́n nítorí oúnjẹ pínpín ni a ṣe kọ́kọ́ yàn án. Àwọn tí ń sọ èdè Gíríìkì ní Jerúsálẹ́mù ń ráhùn pé a ń gbójú fo àwọn opó wọn nígbà tí a bá ń pín oúnjẹ. Ìjọ kò ní kí wọ́n lọ mú sùúrù; ó yan ọkùnrin méje sí iṣẹ́ náà, Stéfánù sì wà nínú wọn. Nítorí náà, ní ọjọ́ yẹn, ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ sí ilé kan ṣoṣo tí ọdún kò dé: ti opó, tàbí ti arúgbó tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò rí owó ọkọ̀ wá bá a.

Bí ẹ bá sì pè wá wá jẹun ní ọdún yìí, ẹ má bínú bí a bá dúró díẹ̀ kí a tó mú ṣíbí. A ń wò bóyá abọ́ kan ti jáde ni.

Kí Ọlọ́run bùkún ìkòkò yín, kí ó má ṣe gbẹ. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Àmín.