Ẹ Jẹ́ Kí Ìyá Náà Sùn

Ìyá kan ń tòògbé ní kíláàsì alẹ́ wa, a sì bá a wí. Àṣé wárápá líle ló ń ṣe ọmọ rẹ̀. Ṣíṣọ́ ló ń ṣọ́ ọ lóru. Ojú tì wá.

Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Wárápá kì í ràn, itọ́ ọmọ náà kò lè kó o ranni. Ẹ má sá. Kí bàbá ṣọ́ ọmọ lálẹ́ òní, kí ẹ̀gbọ́n ṣọ́ ọ lọ́la. Bó bá gbé e ṣánlẹ̀, ẹ yí i fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀; ẹ má ki ṣíbí sí i lẹ́nu. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ó di ọsibítù. Ẹ má dá oògùn rẹ̀ dúró fúnra yín.

Ìyá tó rí oorun sùn ló lè tọ́jú ọmọ.