Ọmọ Tó Fẹ́ Ṣe Apòògùn: Ohun Tí Ilé Ẹ̀kọ́ Kọ̀ọ̀kan Ń Bèèrè

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹbí wọn sọ níbi ayẹyẹ ọdún ẹgbẹ́ wa ní Abẹ́òkúta

  

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ pọ̀, n kò lè sọ ọ́ tán níbí kí oúnjẹ tó tutù. Ẹyọ kan ni mo mú, ìwé owó yíyá tó wà lọ́wọ́ mi ló sì jẹ́ kí n mú un. Nínú àwọn tó ń wá yá owó nítorí ilé ìwé, ẹ̀ ń rí àwọn tí ọmọ wọn fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, dókítà, apòògùn. Àwọn wọ̀nyí náà ló ń padà wá lọ́dún kejì, lọ́dún kẹta, nítorí fọ́ọ̀mù JAMB kan náà. Ọmọ wọn kì í ṣe olódo o. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé wọn ò mọ ohun tí ilé ẹ̀kọ́ ń bèèrè kí wọ́n tó sanwó. Ti apòògùn ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí níbẹ̀ ni mo ti rí i pé ó ń dun àwọn ìyá jù.

Gbogbo ẹni tó ń ta gààrí ló mọ̀ pé kóńgò ọjà kan kì í bá ti ọjà kejì dọ́gba. Tí ẹ bá dé Èkó, dẹ́ríkà àti páńtì ni wọ́n máa fi wọn ìrẹsì fún yín. Ẹ ò ní bá wọn jà, ẹ kàn máa béèrè òṣùwọ̀n wọn kí ẹ tó dá iye lé ọjà yín ni. Yunifásítì náà, oníkálukú ló mú òṣùwọ̀n tirẹ̀ dání. Ṣùgbọ́n tó bá kan ti ọmọ, a ò kì í béèrè òṣùwọ̀n. A ó ní "ọmọ mi ní kírẹ́díìtì márùn-ún", ó parí.

Kí ìjọba tó dá JAMB sílẹ̀ ní 1978, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń gba ọmọ fúnra rẹ̀. Ẹ ra fọ́ọ̀mù ti Ìbàdàn, ẹ ra ti Ifẹ̀, ẹ ra ti Èkó. JAMB sọ fọ́ọ̀mù di ọ̀kan, ó sọ ìdánwò di ọ̀kan, àwa náà wá rò pé ohun tí wọ́n ń bèèrè ti di ọ̀kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 2005 tí ìjọba ti fún àwọn yunifásítì láyè láti tún yẹ ọmọ wò fúnra wọn lẹ́yìn JAMB, ńṣe ni ìyàtọ̀ yẹn tún ń hàn sí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ibi tí gbogbo wọn ti fẹnu kò. Ọmọ tó fẹ́ kọ́ fámásì ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Kẹ́mísírì, Bàólójì àti Físíìsì, yálà ní WAEC tàbí NECO. Kírẹ́díìtì bẹ̀rẹ̀ láti A1, ó parí sí C6. D7 kì í ṣe kírẹ́díìtì, E8 kì í ṣe kírẹ́díìtì, bí ọmọ bá tilẹ̀ ní òun "páàsì". Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ò kàwé púpọ̀, nọ́ńbà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà ni kí ẹ máa wò. Kò gbọdọ̀ kọjá 6.

Ibi tí wọ́n ti yapa wá ńkọ́? Ìdánwò JAMB ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin lọmọ máa ṣe. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọ̀ranyàn fún gbogbo ayé. Fún fámásì, Kẹ́mísírì àti Bàólójì tẹ̀lé e. Ẹ̀kẹrin ni wàhálà. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan máa gba Físíìsì tàbí Ìṣirò, èyí tó bá wu ọmọ. Àwọn mìíràn, Físíìsì nìkan ni wọ́n fẹ́ rí. Ọmọ tó bá sá fún Físíìsì nítorí pé Ìṣirò rọrùn fún un ti fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn kan, kò sì ní mọ̀ títí èsì yóò fi jáde.

Ó ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí. N kò ní dárúkọ. Ọmọ náà gbọ́n, máàkì rẹ̀ pọ̀, gbogbo àdúgbò ló bá ìyá rẹ̀ yọ̀. Ìṣirò ló fi ṣe ẹ̀kẹrin. Ilé ẹ̀kọ́ tó fi ṣáájú ní Físíìsì làwọn ń gbà. Ìyá rẹ̀ ti yá owó lẹ́sìn, ó ti san owó fọ́ọ̀mù, ó ti ra aṣọ. Wọ́n sáré sókè, wọ́n sáré sódò, ẹni tó gba owó lọ́wọ́ wọn pé òun máa "bá wọn ṣe é" pọ̀ ju ẹni tó ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí a ti fi ṣe ìdánwò, kò sí ẹni tó lè yí i padà. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ fẹ́ kọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ lọ ni JAMB máa ń jẹ́ kí èèyàn yí. Microbiology ni wọ́n yí i sí, nítorí ìyẹn gba Ìṣirò. Ọmọ náà ń ṣe dáadáa níbẹ̀, ẹ ṣọpẹ́ fún un. Síbẹ̀ fámásì ni ìyá rẹ̀ yáwó lé lórí.

Nítorí náà, tí ẹ bá bi mí, èmi á ní kí ọmọ mú Físíìsì. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ fámásì tó máa lé ọmọ nítorí pé ó ṣe Físíìsì.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìjókòó. Ìjókòó kan ni pé kírẹ́díìtì márààrún jáde nínú ìdánwò ẹ̀ẹ̀kan. Ìjókòó méjì ni pé ọmọ mú mẹ́ta nínú WAEC, ó mú méjì nínú NECO, ó sì pa wọ́n pọ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan gba ìjókòó méjì, àwọn kan ní ìjókòó kan ṣoṣo fún àwọn ẹ̀kọ́ bíi ìṣègùn àti fámásì, àwọn kan á gbà á ṣùgbọ́n wọ́n á yọ díẹ̀ kúrò nínú máàkì. Wọ́n sì lè yí i padà láàárín ọdún kan sí èkejì! Ọmọ tó ní ìjókòó méjì kò bàjẹ́ o. Ilé ẹ̀kọ́ tó máa gbà á ni kó wá, kó má fi orúkọ ilé ẹ̀kọ́ ńlá dá ara rẹ̀ lóró.

Àwọn mìíràn ń gba ẹ̀yìn wọlé, èyí tí wọ́n ń pè ní Direct Entry: ọmọ á ṣe JUPEB tàbí IJMB fún ọdún kan, á wá bọ́ sí ọdún kejì ní yunifásítì. Ọ̀nà rere ni, àmọ́ ẹ la ojú yín. Kì í ṣe gbogbo yunifásítì ló gba méjèèjì. Kò sì pa WAEC rẹ́: ọmọ tí kò ní kírẹ́díìtì Físíìsì tẹ́lẹ̀, JUPEB kò ní bá a bò ó mọ́lẹ̀. Owó rẹ̀ kò sì kéré. Mo ti rí ìyá tó san gbogbo rẹ̀ tán kó tó mọ̀ pé yunifásítì tí ọmọ rẹ̀ ní lọ́kàn kò gba irú ìwé ẹ̀rí yẹn fún fámásì.

Ọ̀rọ̀ ọdún náà wà níbẹ̀. B.Pharm. àtijọ́, ọdún 5 ni. Pharm.D. tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ti ń bọ́ sí báyìí, ọdún 6 ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ọdún kan fún iṣẹ́ àkọ́ṣe ní ilé ìwòsàn, ọdún kan fún àgùnbánirọ̀. Ẹ fi ìka kà á kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yáwó fún ọdún 5 tó wá rí i pé ọdún 6 ni, ọdún kẹfà yẹn máa ń wúwo ju àwọn yòókù lọ.

Ẹ tún wo ìwé àṣẹ. Ìgbìmọ̀ apòògùn ilẹ̀ wa, PCN, tí òfin tuntun sọ di Pharmacy Council of Nigeria ní 2022, ni ó ń fún ilé ẹ̀kọ́ láṣẹ láti kọ́ni ní fámásì, òun náà ló ń sọ iye ọmọ tí wọ́n lè gbà lọ́dún. Ìdí nìyẹn tí máàkì fámásì fi máa ń ga. JAMB lè ní 150 ló kéré jù fún yunifásítì, bí wọ́n ti ṣe ní 2025, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé 150 dé ẹnu ọ̀nà fámásì yunifásítì ìjọba máa padà sílé. Àwọn yunifásítì aládàáni ń pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn dára. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá PCN ti fọwọ́ sí i. Tí wọ́n bá ní "ó ń bọ̀ lọ́nà", ẹ jẹ́ kó dé ná.

Àwa ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn ní Olabisi Onabanjo, tí ẹ̀ka fámásì rẹ̀ wà ní Ṣàgámù. Ìbàdàn wà nítòsí, Ifẹ̀ wà, UNILAG náà ní tirẹ̀ ní Ìdí-Àràbà. Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́rin tí ọmọ lè lọ wò kó sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà, òṣùwọ̀n mẹ́rin. Ẹ má gbàgbé ìwé ìdánimọ̀ ọmọ ìbílẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ yín. Àwọn kan tún ń gba iṣẹ́ pharmacy technician nímọ̀ràn. Iṣẹ́ gidi ni, oúnjẹ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ọmọ di apòògùn. Ẹni tó bá ní ọ̀kan náà ni wọ́n kò sọ òótọ́ fún yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ lókè òkun, ẹ má rò pé ọ̀hún rọrùn. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ máa kọ́kọ́ lo ọdún méjì, ó kéré tán, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kó tó wọ fámásì, ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ń ka ohun tó fẹ́ kó ti kọ́. Èyí á ní calculus, èkejì á ní statistics, ẹ̀kẹta á ní kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ láwùjọ. Àní sọ̀rọ̀ láwùjọ, fún apòògùn! Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ rántí apòògùn tó kàn ju oògùn sí yín lórí káńtà láìsọ bí ẹ ṣe máa lò ó. Ìdánwò PCAT tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ parí ní 2024, nítorí náà ẹni tó bá ṣì ń ta ìwé rẹ̀ fún yín ń ta ọjà àná. Fún apòògùn tó kàwé jáde níhìn-ín láti 2003 wá tó fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, ẹ̀kọ́ ọdún 5 ló kéré jù tí wọ́n ń gbà.

Báwo la ṣe máa mọ gbogbo èyí? Ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB, tí àwọn ọmọ ń pè ní brochure, ló wà ńbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ìwé gidi ni, wọ́n á fún ọmọ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Báyìí orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, wọ́n ń pè é ní IBASS, fóònù ọmọ yín lè ṣí i. Ẹ ní kó ka ti ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sókè, kó túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Lẹ́yìn náà kó tún wo ojú ìwé yunifásítì fúnra rẹ̀, nítorí méjèèjì lè má bára mu, tí yunifásítì ló sì máa wà lójú wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń yẹ ìwé wò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìyẹn ga ju ìyá ọlọ́jà lọ. Ní ìlú yìí, láwọn ọdún 1940, Màmá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé kíkà. Àwọn ìyá wa yẹn ló dìde sí owó orí ní 1947.

Kí ọmọ tó dé SS3 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. SS1 ni wọ́n ti ń pín kíláàsì. Ilé ìwé míì máa ń jẹ́ kí ọmọ fi Físíìsì sílẹ̀ kó mú Jọ́gíráfì tàbí Àgíríìkì. Ẹ lọ bá tíṣà, ẹ béèrè. Ọmọ tí kò ní Físíìsì ní SS1, lẹ́sìn ọlọ́gọ́ọ̀rọ̀ owó ló máa gbà á ní SS3.

Ohun kékeré méjì. Orúkọ tó wà lórí NIN, ti WAEC àti ti JAMB gbọ́dọ̀ bára mu. Láti 2021 ni JAMB ti sọ NIN di ọ̀ranyàn. Tí èsì WAEC bá sì jáde, kí ọmọ gbé e sórí JAMB kíá. Ọmọ tí èsì rẹ̀ kò sí níbẹ̀, wọn ò lè rí i láti fún un láyè.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó, ẹ dákun, ẹ gbọ́ èmi akọ̀wé yín. Mo ní ẹ̀bẹ̀ méjì. Oṣù Kẹsàn-án la ti ń yá owó ilé ìwé jáde, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni JAMB ń ta fọ́ọ̀mù, ọ̀pọ̀ ìyá ló ń lọ sọ́dọ̀ olówó èlé nígbà náà. Ẹ jẹ́ ká ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún oṣù Kìíní. Èkejì, kí ẹni tó bá fẹ́ yá owó JAMB mú ìwé kan wá tí ọmọ rẹ̀ kọ: orúkọ ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta, sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí kálukú ń bèèrè, ìjókòó tí wọ́n gbà, àti iye ọdún. A ò fi ni ẹnikẹ́ni lára. Tí a bá rí i pé ó yàtọ̀ sí ohun tí ọmọ ní lọ́wọ́, a ó sọ fún un kí owó tó jáde.

Lẹ́yìn ìpàdé tó ń bọ̀, èmi àti ọmọ ẹgbẹ́ wa méjì tí ọmọ wọn ń kọ́ fámásì lọ́wọ́ máa jókòó sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ẹ mú ọmọ yín wá, ẹ mú èsì WAEC rẹ̀, kí fóònù rẹ̀ sì ní dátà.