Ẹ Jẹ́ Kí A Tú Àpò Wò: Ọ̀rọ̀ Lórí Èsì Ìdánwò Àwọn Ọmọ Wa

Ọmọ àgbẹ̀ ni èmi náà, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo sì ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹ ní kí n wá dáhùn: kí ni ó dé tí ọmọ ìgboro fi ń yege ju ọmọ abúlé lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé ìwé ìdánwò kan náà ni àwọn méjèèjì ń kọ?

Kí n tó dáhùn, ẹ̀yin olóko kòkó, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Nígbà tí olùyẹ̀wò kòkó bá dé, ṣé ìwọ̀n àpò nìkan ni ó ń wò? Rárá o. Yóò mú kòkó díẹ̀ láti òkè, láti àárín àti láti ìsàlẹ̀ àpò. Yóò fi ọ̀bẹ là wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yóò sì ka èyí tí ó ti bu àti èyí tí kòkòrò ti jẹ. Àpò lè wúwo kí inú rẹ̀ má dára.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni èsì ìdánwò rí. Lọ́dọọdún ni àjọ WAEC ń kéde iye àwọn ọmọ tí ó gba kírẹ́dìtì márùn-ún, pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, ní gbogbo Nàìjíríà. Ní 2014, 31.28 nínú ọgọ́rùn-ún ni; ní 2021, ó fò sókè dé 81.7, ní 2024, ó wálẹ̀ sí 72.12. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, wọ́n kọ́kọ́ kéde 38.32, ẹkún sì sọ ní ọ̀pọ̀ ilé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àjọ náà fi jẹ́wọ́ pé àṣìṣe wọ inú iṣẹ́ àwọn, tí wọ́n sì yí iye náà padà sí 62.96. Ìwọ̀n àpò ni gbogbo èyí. Kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tí ó lè sọ fún yín bí nǹkan ti rí ní ilé ẹ̀kọ́ abúlé yín.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a tú àpò wò. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ ó rí ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà lẹ́bàá títì ọlọ́dà, tí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní olùkọ́ tirẹ̀. Ẹ rin máìlì mẹ́jọ wọ inú oko, ẹ ó bá òmíràn tí olùkọ́ méjì ń pín kíláàsì mẹ́fà láàárín ara wọn. Bí ara ọ̀kan kò bá yá, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ di ti ẹnì kan. Olùkọ́ tí a bá gbé lọ síbẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó wá ọ̀nà padà sí ìlú, nítorí pé kò rí ilé gbé, ọkọ̀ kò sì lè gba ọ̀nà náà nígbà òjò. Mo mọ bàbá kan tí ó ta kòkó rẹ̀ kí ó lè san owó ìdánwò fún ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ tí ó fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Ọmọ náà kò rí kírẹ́dìtì gbà nínú ìṣirò. Bàbá bínú sí ọmọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wádìí, fún odindi ọdún méjì ni olùkọ́ ìṣirò kò fi sí ní ilé ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ yẹn kọ́ ni ó kùnà. Àwa ni a kò kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò ju nǹkan bí 457,000 lọ ní 1954 lé ní 811,000 ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, òógùn ojú àwọn àgbẹ̀ sì wà nínú owó tí a fi ṣe é. Iṣẹ́ ńlá ni, ọ̀tá kò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n a kò lè bí olùkọ́ ní ọjọ́ kan. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí S. A. Banjo ṣe alága rẹ̀ jábọ̀ ní 1961, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n tọ́ka sí ni pé àwọn olùkọ́ tí kò kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ pọ̀ jù. Ṣíṣí ilẹ̀kùn kíláàsì, ọ̀tọ̀ ni. Fífi olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ sínú rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni.

Ohun kejì ni èdè. Ọmọ tí ó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé ń ru ẹrù kan ṣoṣo lọ sí kíláàsì. Ọmọ abúlé ń ru méjì: ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, àti èdè tí wọ́n fi ń kọ́ ọ. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn fagi lé ìlànà 2022 tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ títí dé kíláàsì kẹfà. Wọ́n ní agbègbè tí ó ń lo èdè abínibí ni ọmọ ti ń kùnà jù. Ẹ̀rí tí ó yàtọ̀ sí èyí ń bẹ ní Ilé-Ifẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí ó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ ta àwọn yòókù yọ nínú ẹ̀kọ́, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí kò bá sí olùkọ́ tàbí ìwé, ẹ má jẹ́ kí a di ẹ̀bi náà ru èdè ìyá wa.

Ṣùgbọ́n n kò wá síbí láti pọ́n ẹnikẹ́ni lé. Àwa àgbẹ̀ náà ní ẹ̀bi tiwa. Nígbà ìkórè kòkó, ta ni ó ń mú ọmọ kúrò ní kíláàsì lọ sí oko fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Àwa ni. Nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ta ni ó ń kó owó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ibòmíràn tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn sí ojú pátákó fún àwọn ọmọ? Àwa náà ni. Ìwé ẹ̀rí tí a fi màgòmágó gbà dà bí kòkó tí a bomi rin kí ó lè wúwo: bí ó pẹ́ bí ó yá, yóò bu.

Kí ni ṣíṣe? Èkíní, kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ní abúlé kọ̀ọ̀kan béèrè èsì ilé ẹ̀kọ́ tiwọn, kí a kà á sókè ní ìpàdé, kí a sì ka iye olùkọ́ tí ń bẹ níbẹ̀ mọ́ ọn. Bí a bá to ti gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó mọ ibi tí ó ti bu. Èkejì, kí abúlé pèsè ilẹ̀ àti ọwẹ̀ fún ilé olùkọ́, kí a sì bèèrè lọ́wọ́ ìjọba pé kí ó fi àjẹmọ́nú kún owó oṣù ẹni tí ó bá gbà láti gbé ibẹ̀. Ẹ̀kẹta, òfin ẹ̀kọ́ ọdún 2004 sọ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ di ọ̀fẹ́ àti ọ̀ranyàn, ó sì ya owó sọ́tọ̀ láti àpò ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí kò bá mú ìpín tirẹ̀ wá kì í rí i gbà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ yín, ìbáà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ bi í bóyá ìpínlẹ̀ ti mú tirẹ̀ wá, àti ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ná an sí.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwọn baba wa fi owó kòkó ṣí ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ fún wa. Ó ku kí àwa rí i pé olùkọ́ ń bẹ nínú ilé náà, fún ọmọ abúlé bí ó ti wà fún ọmọ ìgboro.