Ojú Ni Ọmọ Awo Kọ́kọ́ Fi Ń Kọ́ Ifá

   

Kókó ọ̀rọ̀ yìí ni àwòkọ́ṣe rere. Ọ̀rọ̀ náà ti túmọ̀ ara rẹ̀: wíwò ló ṣáájú, kíkọ́ ló tẹ̀ lé e, ṣíṣe ló kẹ́yìn. Bí ó ti rí nínú iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo nílẹ̀ Yorùbá nìyẹn, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó sì rí nínú awo.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ Ifá a máa lọ gbé lọ́dọ̀ olúwo rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ó tó mọ ojú odù 16, kí ó tó mọ àmúlù 240 tí ó sọ gbogbo odù di 256, yóò ti gbá ojúde olúwo, yóò ti pọn omi, yóò ti bá a já ewé, yóò sì ti gbé àpò Ifá tẹ̀ lé e lọ sí òde. Inú iṣẹ́ wọ̀nyí ni ẹ̀kọ́ tó tóbi jù wà. Ọmọ awo ń rí bí olúwo ti ń gba tálákà tó wá dáfá lálejò, ó sì ń rí bí ó ti ń gba ọlọ́rọ̀. Ó ń gbọ́ bí ó ti ń bá aya rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí àlejò bá ti lọ tán. Kò sí ẹni tó ní kí ó kọ́ nǹkan wọ̀nyí sórí, ṣùgbọ́n wọn kì í kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́.

Ìlànà ìdáfá pàápàá kún fún irú ẹ̀kọ́ yìí. Ẹni tó wá dáfá kì í sọ ìṣòro rẹ̀ fún babaláwo. Wúyẹ́wúyẹ́ ni ó ń sọ ọ́ sí owó tàbí sí ọ̀pẹ̀lẹ̀. Babaláwo yóò kì ẹsẹ̀ odù tó bá jáde, oníbèérè fúnra rẹ̀ ni yóò sì mọ èyí tó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu. Olúwo tó bá pa ìlànà yìí mọ́ ń kọ́ ọmọ awo ní òtítọ́ láìla ẹnu. Olúwo tó bá kọ́kọ́ fọgbọ́n wádìí ọ̀ràn oníbèérè lẹ́nu ẹni tó mú un wá, tó sì wá ṣe bí ẹni pé Ifá ló sọ ọ́, òun náà ń kọ́ni: irọ́ ni ó ń kọ́ni.

Ifá kò fi ọ̀ràn yìí ṣeré. Nínú odù Ìkàfún, ìtàn àwọn àgbà kan wà tí wọ́n ń lọ sí Ifẹ̀ láti tọrọ ẹ̀mí gígùn. Ifá ní wọn yóò gbó, wọn yóò tọ́, bí wọ́n bá pa ìkìlọ̀ 16 mọ́. Lára rẹ̀ ni pé kí wọ́n má ṣe sọ ohun tí wọn kò mọ̀, kí wọ́n má ṣe ṣi ènìyàn lọ́nà, kí wọ́n má ṣe fìyà jẹ aláìlera, kí wọ́n má sì ṣe tú àṣírí awo. Nígbà tí wọ́n délé, ohun tí a ní kí wọ́n má ṣe ni wọ́n ń ṣe. Ikú bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn, wọ́n sì ń pariwo pé Ọ̀rúnmìlà ló ń pa àwọn. Ọ̀rúnmìlà ní òun kọ́. Àìpa ìkìlọ̀ mọ́ ni. Ó yẹ kí olùgbọ́ ṣàkíyèsí pé àgbà ni a kìlọ̀ fún nínú ìtàn yìí, kì í ṣe ọmọdé. Ẹsẹ̀ àgbà ni ọmọdé ń tọ̀.

Àwọn kan lè rò pé ẹni àwòkọ́ṣe ni ẹni tí kì í ṣàṣìṣe. Àwọn baba ńlá awo kò rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí awo bá pé jọ tí wọ́n ń sun ìyẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ni yóò máa lé e, àwọn tó kù yóò máa gbè é. Bí ó bá kì í tó tọ́, wọn yóò dáhùn pé, “Hin!” Bí ó bá ṣì í kì, wọn yóò dá a dúró lójú gbogbo ènìyàn, ipò yòówù kí ó wà. Bí kò bá gbọ́, wọn lè ní kí ó dákẹ́. Ọmọ awo tó jókòó lẹ́yìn ń wo àgbà tó gba àtúnṣe láìbínú, ó sì kọ́ pé orúkọ ńlá kò ga ju òtítọ́ lọ. Èyí gan-an ni gbòǹgbò àwòkọ́ṣe: kí ènìyàn lè gba àtúnṣe lójú àwọn tó ń wò ó.

Irú ìgbé-ayé tí ènìyàn lè wò bẹ́ẹ̀ kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Ní 1859 ni a bí Martiniano Eliseu do Bonfim ní Salvador, ní Bahia, nílẹ̀ Bràsíl, fún àwọn òbí tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà. Ní 1875, baba rẹ̀ mú un wá sí Èkó. Nǹkan bí ọdún 11 ni ó lò níbẹ̀, ó gbọ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọ́ Ifá. Nígbà tí ó padà sí Bahia, ó ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń ṣe iṣẹ́ babaláwo lójú gbogbo ènìyàn, ní ìgbà tí àwọn ọlọ́pàá ń já wọ ilé òrìṣà tí wọ́n ń kó ohun mímọ́ lọ. Òun ni olùdámọ̀ràn Mãe Aninha, ẹni tó dá Ilê Axé Opô Afonjá sílẹ̀ ní 1910. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe àpérò kejì lórí ọ̀ràn àwọn ọmọ Áfíríkà ní Bràsíl, ní Salvador ní 1937, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ ọlá. Ó papò dà ní 1943.

Nílé, Wándé Abímbọ́lá, ọmọ Ọ̀yọ́, fi hàn pé ìwé àti Ifá kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Èdè Yorùbá ni ó fi kọ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá, tó jáde ní 1968. Ní 1981, a fi í jẹ Àwíṣẹ Awo Àgbáyé; ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó di gíwá Yunifásítì Ifẹ̀, ó sì wà nípò náà títí di 1989. Ọ̀dọ́ tí wọ́n ti sọ fún pé ẹni tó bá kàwé gbọ́dọ̀ kọ Ifá sílẹ̀ wá rí ẹni tí ó lè wò.

Ní 2005, UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ohun àjogúnbá ńlá ọmọ ènìyàn. Iyì ńlá ni, ṣùgbọ́n awo kan ṣoṣo lè fi ìwà bà á jẹ́ ládùúgbò tirẹ̀. Lónìí, ẹnì kan á gbé fóònù kalẹ̀, á to owó síwájú ọpọ́n Ifá, á ní òun lè sọ ọ̀dọ́ di olówó láàárín ọjọ́ méje. Ọ̀dọ́ tó ń wò ó kò ní sọ pé ọkùnrin kan ló ń purọ́. Á ní bí Ifá ti rí nìyẹn. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ kọ́ Ifá á kọ̀ jálẹ̀, nítorí ó rò pé oògùn owó ni wọn yóò kọ́ ọ. Bí ó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, àpò Ifá yóò wà nílẹ̀, ẹni tí yóò gbé e ni a kò ní rí.

Nítorí náà, iṣẹ́ wà fún oníkálukú. Kí àgbà awo jẹ́ kí ohun ẹbọ àti owó rẹ̀ hàn kedere sí ẹni tó wá rú u. Kí ọmọ awo rántí pé òun náà ti di olúwo lójú àwọn àbúrò rẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ìwé. Kí àlejò má ṣe mú ìdè nìkan lọ sílé, kí ó mú ìwà rere kan pẹ̀lú rẹ̀. Kí olùwádìí fi ọlá fún awo tó kọ́ ọ nínú ohun tó bá kọ.

Kí Ọ̀rúnmìlà tọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó wà níwájú sọ́nà, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà ṣìnà. Àṣèyí ṣàmọ́dún o. Àṣẹ!