Kí Ni Olùkọ́ àti Akẹ́kọ̀ọ́ ń Fẹ́ ní Ilé-Ìkàwé Yunifásítì?

Àwọn àgbà ní, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ilé-ìkàwé ni ibi tí a kó ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n jọ sí, ti ẹni tí ó wà láyé àti ti ẹni tí ó ti kú. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ilé kún fún ìwé, ọ̀tọ̀ ni kí ìwé inú rẹ̀ wúlò fún ẹni tí ó wá a wá. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ nìyí: kí ni olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ń fẹ́ gan-an, ta ni ó sì ń bi wọ́n?

Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1948, lára ìwé tí wọ́n fi pilẹ̀ ilé-ìkàwé rẹ̀ ni bí 18,000 tí Henry Carr, ọ̀mọ̀wé ará Èkó tí ó kú ní 1945, ti kó jọ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó ra ìwé wọ̀nyí náà ni ó ń kà wọ́n. Kò sí ìjà níbẹ̀. Ilé-ìkàwé Yunifásítì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń ra ìwé kọ́ ni yóò kà á, ìfẹ́ àwọn tí yóò sì kà á kò papọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo olùkọ́. Ìwádìí wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Oríṣiríṣi ìwé ni ó ń fẹ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì tó o. Èyí tí ó ń wá jù ni jọ́nà, ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ fi ń jábọ̀ ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Bí kò bá rí i kà, ó lè fi ọdún mẹ́ta wá ohun tí ẹlòmíràn ti rí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí iye náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ọdún 1986, ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé ni kò lè san owó jọ́nà òkè-òkun mọ́. Íntánẹ́ẹ̀tì ti dín ìyà náà kù. Ní ọdún 2002 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé dá ètò HINARI sílẹ̀, kí ilé-ẹ̀kọ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lè máa ka jọ́nà ìṣègùn lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó kékeré. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún olùkọ́ pé ó wà, kò yàtọ̀ sí ohun tí kò sí.

Ti akẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀. Ìwé díẹ̀ ni ó ń fẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹ̀dà ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀. Bí 300 akẹ́kọ̀ọ́ bá ń ṣe ẹ̀kọ́ kan, tí ìwé tí olùkọ́ dárúkọ sì jẹ́ ẹ̀dà mẹ́ta péré, ẹni tí ó bá tètè dé ni ó ni ín. Àwọn yòókù a máa wá fótókọ́pì kiri. Àpò kan náà ni olùtọ́jú ilé-ìkàwé fi ń ra ti àwọn méjèèjì. Bí ó bá ra oríṣi púpọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ a kùn. Bí ó bá ra ẹ̀dà púpọ̀, olùkọ́ a kùn.

Ìwé nìkan sì kọ́. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, níbi tí Ẹgbẹ́dá wà. Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ń gbé Ẹgbẹ́dá, tí ó ń lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní 1983. Ìdájí ni ó ti wọ bọ́ọ̀sì, ó gba Ìṣẹ̀rí àti Ìgàndò kọjá sí Ìyànà Ìbà. Nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí, oòrùn ti ń wọ̀. Bí ó bá dúró kàwé fún wákàtí méjì, ìgbà wo ni yóò délé? Bí ó bá sì lọ sílé, iná mànàmáná lè má sí, ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kò sì ní jẹ́ kí ó gbọ́ ohun tí ó ń kà. Ìjókòó, ìmọ́lẹ̀ àti ìdákẹ́jẹ́ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Bí ilẹ̀kùn ilé-ìkàwé bá ń ṣí ní kùtùkùtù àti ní ọjọ́ Sátidé, ó ràn án lọ́wọ́. Bí ó bá lè fi fóònù ka ìwé ilé-ìkàwé láti Ẹgbẹ́dá, ó bọ́ lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀.

Ní ọdún 1931, S. R. Ranganathan, onímọ̀ ará Íńdíà, gbé òfin márùn-ún kalẹ̀ fún iṣẹ́ ilé-ìkàwé. Ọ̀kan nínú wọn ni pé kò yẹ kí àkókò òǹkàwé ṣòfò. Ẹni tí ó wọ bọ́ọ̀sì méjì kí ó tó dé ìdí ìwé mọ ìtumọ̀ òfin yìí.

Kí ni ṣíṣe? Kí olùkọ́ fi orúkọ ìwé tí yóò lò ránṣẹ́ kí sáà ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n ya ìwé tí gbogbo ènìyàn ń du sọ́tọ̀, kí ó má máa jáde ju wákàtí díẹ̀ lọ. Kí olùtọ́jú ilé-ìkàwé má sì gbẹ́kẹ̀ lé àkọsílẹ̀ ìwé tí wọ́n yá nìkan. Ohun tí òǹkàwé rí ni àkọsílẹ̀ náà ń sọ; kò sọ ohun tí ó wá tí kò rí. Èyí ni ó yẹ kí wọ́n máa bi í lẹ́nu ọ̀nà bí ó bá ń jáde lọ.

Àwọn òǹkàwé náà ní ojúṣe tiwọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ya ojú ìwé kan mú lọ ti ja gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lólè. Olùkọ́ tí ó yá ìwé, tí ó fi í pamọ́ sí ọ́fíìsì fún ọdún márùn-ún, kò sàn jù ú lọ.

Abèèrè kì í ṣìnà. Ilé-ìkàwé tí ó bá ń béèrè, tí ó sì ń fetí sí ìdáhùn, ni owó rẹ̀ kò ní ṣòfò, tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jí ní ìdájí ní Ẹgbẹ́dá kò sì ní padà sílé lọ́wọ́ òfo.