Sìgá Oníbátìrì: Iná Tí Àwọn Ọmọ Wa Ń Gbé Sápò

  

Àwọn tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi sọ̀rọ̀ ilẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ ìdìbò. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Tèmi kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ẹ wò ó, òun ni mo gbé sókè yìí. Ẹ má sá, mo ti yọ bátìrì inú rẹ̀ kí n tó kúrò nílé.

Àwọn ọmọ wa ní Kútọnu àti ní Àjàṣẹ́ ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, wọ́n ní puff. Èmi ń pè é ní sìgá oníbátìrì. A kì í ṣáná sí i. Omi olóòórùn dídùn kan ló wà nínú rẹ̀. Bí ọmọ bá ti fà á, bátìrì á mú okùn irin kékeré kan gbóná, omi yẹn á di èéfín. Ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà kan, Hon Lik, tó jẹ́ apòògùn, ló ṣe irú èyí tó tàn ká ayé, ní nǹkan bí 2003. Ohun tí èéfín rẹ̀ ń ṣe fún ẹ̀dọ̀fóró, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún dókítà. Ọ̀rọ̀ bátìrì ni mo bá wá.

Ní ọdún tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ jókòó lẹ́yìn sémíjàn, ó ń ti Àjàṣẹ́ bọ̀ ní Ìṣàkété. Bátìrì kejì fún sìgá rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ilé àti owó wẹ́wẹ́ mélòó kan. Ó ní òun kọ́kọ́ gbọ́ ìró bí ìgbà tí omi bá kán sínú epo gbígbóná. Kí ó tó fọwọ́ kan onísémíjàn léjìká, iná ti la ṣòkòtò jáde. Ó fò sílẹ̀ lórí eré. Itan rẹ̀ jóná, ọwọ́ tó fi fẹ́ yọ ọ́ náà jóná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò ní ọsibítù. Owó tí a ná, ẹ jẹ́ kí n má sọ ọ́.

Ìyẹn nìkan kọ́ ló mú mi wá síwájú Kábíyèsí. Ohun tó tẹ̀lé e ló mú mi wá. Kí ọmọ náà tó dé ilé, àwọn ará ilé ti ń sọ pé iná kì í ti inú àpò ènìyàn jáde lásán. Wọ́n ní àfiṣe ni. Wọ́n wá rántí pé ìyàwó bàbá rẹ̀ kan ti bá a jà rí nítorí yàrá. Opó ni obìnrin yẹn, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó di ẹni tí kò lè lọ fa omi ní kànga mọ́. Ẹjọ́ náà dé iwájú olórí àdúgbò. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, tí mo ka ìwé Faransé dé ibi tí agbára bàbá mi dé, mo jókòó níbẹ̀, mi ò rí nǹkan sọ. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ mẹ́jọ. Mo lọ wádìí.

Bátìrì tí a fi ń tan tọ́ọ̀ṣì nígbà tí mo wà ní kékeré, bó bá gbó, omi ló ń yọ, ó tán. Èyí tó wà nínú sìgá yìí kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀. Lítíọ̀mù ni. Ilé-iṣẹ́ Sony ní Japan ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde fún títà ní 1991. Ní 2019 wọ́n fún àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta tó ṣí ọ̀nà rẹ̀ ní ẹ̀bùn Nobel. Mi ò bú u o. Òun ló wà nínú fóònù yín, òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ fìtílà olóòrùn tí àwọn ọmọ fi ń kàwé lóko. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí inú rẹ̀ ti rí. Apá méjì ló wà níbẹ̀ tí kò gbọdọ̀ kan ara wọn. Awọ kan tó fẹ́lẹ́ ju ìwé lọ ló là wọ́n láàárín, omi tó sì rin ín ń gbiná bí ẹ̀sáǹsì. Bí irin kan bá so orí bátìrì mọ́ ìdí rẹ̀ lóde, ìbáà jẹ́ kọ́kọ́rọ́, ìbáà jẹ́ owó wẹ́wẹ́, gbogbo agbára inú rẹ̀ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Á gbóná. Awọ náà á yọ́. Apá méjì á wá kanra, ooru á máa bí ooru. Kò dúró de ẹni tí yóò ṣáná sí i. Bó bá ṣubú lulẹ̀ gidi tí inú rẹ̀ fọ́, tàbí tí ẹni kan fi wáyà tí kì í ṣe tirẹ̀ gba iná sí i mọ́jú, ó lè ṣe bákan náà.

Nígbà tí a padà síwájú olórí àdúgbò, mo gbé èyí tó jóná sílẹ̀, mo sì gbé kọ́kọ́rọ́ ọmọ náà tì í. Ojú ibi kan ti yọ́ lára kọ́kọ́rọ́ yẹn. Gbogbo wọn wò ó. Wọ́n fi obìnrin náà sílẹ̀. Síbẹ̀, àwọn kan wà nínú agbo ilé tí kò tíì kí i títí di òní.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ panápaná ka ohun tí àwọn ìwé ìròyìn wọn gbé jáde láti 2009 títí dé ìparí 2016: ìgbà 195 ni sìgá yìí bú tàbí gbiná. 61 nínú rẹ̀, inú àpò ló wà. 60, wọ́n ń lò ó lọ́wọ́. 48, iná ni wọ́n ń gbà sí i. Ènìyàn 38 ló fara pa yánnayànna. Títí dé ìgbà yẹn wọn kò rí ẹni tó kú; ní 2018 ọkùnrin kan kú ní Florida, ní 2019 ọ̀dọ́ ẹni ọdún 24 kú ní Texas. Ẹ lè bi mí pé fóònù ńkọ́? Fóònù náà ń gbiná: ní 2016 Samsung ní láti gba nǹkan bí mílíọ̀nù méjì àbọ̀ fóònù kan padà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Ṣùgbọ́n sìgá yìí rí róbótó bí ọ̀pá ìbọn, ìdí rẹ̀ ni kò lágbára. Bí inú rẹ̀ bá wú, ìdí ló ń já, ohun tó wà nínú rẹ̀ á sì fò jáde bí ọta. Ojú àti ẹnu ẹni tó ń fà á ló sì wà níwájú rẹ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ ń múra Mẹ́kà, ẹ sọ fún àwọn ọmọ tó ń bá yín lọ: láti 2015 ni wọn kò ti gbà kí a fi í sínú àpótí tó ń lọ sábẹ́ ọkọ̀ òfurufú.)

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2025, wọn kò gbọdọ̀ ta irú èyí tí a ń lò tán tí a ń jù nù mọ́, torí àwọn ọmọdé àti torí ààtàn. Ohun tí wọ́n bá lé lọ́hùn-ún, ẹ̀yin náà mọ èbúté tó máa ń sọ̀ sí.

Ibi tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyí. Ilé wa kì í ṣe ilé Amẹ́ríkà. Nínú yàrá tí ọmọ ti ń gba iná sí fóònù àti sìgá rẹ̀ lóru, ìgò kpáyò ìyá rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ kò tíì gbàgbé Sèmè-Kraké ní 23 oṣù kẹsàn-án 2023, ibi tí ẹ̀sáǹsì ti pa ènìyàn tó lé ní ọgbọ̀n. Mi ò sọ pé bátìrì ló fa ìyẹn o! Ohun tí mo ń sọ ni pé a mọ bí ẹ̀sáǹsì ṣe ń jó, a sì tún lọ gbé ohun tó lè dáná fúnra rẹ̀ sùn tì í. Àwọn alùpùpù tó ń lo bátìrì náà ti wà ní Kútọnu àti ní Lòmé, wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bátìrì tiwọn kì í ṣe ìka ọwọ́, ẹrù ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá rí bátìrì lásán nínú àpò aṣọ tí ẹ fẹ́ fọ̀, ẹ má jù ú sínú agolo owó. Ẹ fi skọ́ṣì bo orí àti ìdí rẹ̀. Èyí tó bá wú, tàbí tó ń gbóná lásán, ẹ má gba iná sí i mọ́, ẹ má sì dáná sun ún pẹ̀lú pàǹtírí. Bó bá ń jó, ẹ má fọwọ́ gbé e, ẹ má fa èéfín rẹ̀ símú, ẹ kó ọmọ jáde. Bó bá jẹ́ kékeré, tí kò sí lára iná mànàmáná, tí kò sì sí ẹ̀sáǹsì nítòsí, ẹ dúró lókèèrè, kí ẹ da omi sí i, omi púpọ̀, kí ó lè tutù. Bó bá ju agbára yín lọ, ẹ pe 118.

Ohun mẹ́ta ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ Kábíyèsí. Èkíní, kí akéde ké e lọ́jọ́ ọjà, ní èdè wa, torí pé ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, ìyálọ́jà wa kò lè kà á. Èkejì, kí àwọn tó ń ta bátìrì lásán lórí àtẹ má tà á láìsí ike tó bo orí rẹ̀. Ẹ̀kẹta ló ká mi lára jù: bí wọ́n bá gbé ẹjọ́ iná wá sí ààfin, kí a kọ́kọ́ bèèrè ohun tó wà nínú àpò ọmọ náà, kí a tó bèèrè ẹni tó bá a jà.

Ní ti ibi tí a ó máa kó àwọn bátìrì tó ti kú sí, ọwọ́ méèrì ni ó wà. Mo ti kọ lẹ́tà náà ní èdè Faransé, ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Ìbuwọ́lù àwọn ìjòyè ló kù.