Ìtìjú Tí Kò Lópin Kì Í Tún Ìlú Ṣe

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa, lórí àbá pé kí á máa dójú ti awakọ̀ tó bá mutí yó.)

 

Gbogbo wa la ti rí àbá tó wà lórí gúrúùpù. Wọ́n ní bí Dìsẹ́ńbà bá dé, tí oníkálukú ń wọlé wá ṣọdún, awakọ̀ tí a bá bá nídìí ọkọ̀ pẹ̀lú ọtí lójú, kí á gbé ìgò kọ́ ọ lọ́rùn, kí á fi yí ọjà ká, kí á ya fídíò rẹ̀, kí á sì fi í ránṣẹ́ sí gbogbo gúrúùpù. Àwọn tó fọwọ́ sí i pọ̀.

Mi ò bá wọn jà, ìbínú wọn tọ́. Ẹni tó bá ti bá wọn gbé òkú lójú títì rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ₦5,000 ni owó ìtanràn tí Road Safety kọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá wakọ̀ pẹ̀lú ọtí. Ẹlòmíì ń mu ju ìyẹn lọ níbi ìnáwó kan ṣoṣo! Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń sọ pé ojú ni kí á tì wọ́n.

Àwọn bàbá wa náà lò ó. Ẹni tó bá jí ewúrẹ́, wọ́n á gbé ewúrẹ́ náà kọ́ ọ lọ́rùn, àwọn ọmọdé á máa kọrin tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá kan náà ló sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Wọ́n mọ̀ pé ohun ìjà tó wúwo ni. Àwọn tó sì rí olè náà lọ́jọ́ yẹn nìkan ló rí i. Bó bá yí padà, ojú wọn náà ló ṣe. Bí àgbà bá bẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán.

Fídíò kò mọ ẹ̀bẹ̀. Bí dẹ́rẹ́bà náà bá jáwọ́ nínú ọtí lọ́la, ọmọ rẹ̀ á ṣì rí i lórí fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá sí i. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Ohio ní Amẹ́ríkà mọ irú rẹ̀. Láti 2004 ni òfin ibẹ̀ ti ní kí àwọn kan lára àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi ọtí máa lo nọ́ńbà ọkọ̀ aláwọ̀ ìyeyè tí lẹ́tà rẹ̀ pupa, kí gbogbo ayé lè dá wọn mọ̀. Ó dáa, ṣùgbọ́n bí ìyàwó bá fi ọkọ̀ yẹn lọ sọ́jà, tàbí tó fi gbé ọmọ lọ síléèwé ńkọ́? Àwọn náà ló ń ru ìtìjú ohun tí wọn ò mu.

Èkejì, ta ni yóò dájọ́? Ẹni tí ṣúgà ara rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ lójijì lè máa ta gbọ́ngbọ́n, kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ máa wọ́ bíi ti ọ̀mùtí. Bí a bá ti gbé ìgò kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́rùn, báwo la ṣe fẹ́ gbé e kúrò?

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa. Ọlọ́kadà ni a máa mú. Ọ̀gá tó gun jíìpù wá láti Èkó, tí òun náà ti mu ọtí títí ilẹ̀ fi ṣú, ṣé a máa gbé ìgò kọ́ òun náà lọ́rùn? Ṣebí a máa ní kí onílù kì í ni!

Kí wá ni ká ṣe? Ohun mẹ́rin ni mo mú wá.

Àkọ́kọ́, kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá ń ṣe ìnáwó, kó yan ẹnì kan tí kò ní mutí, tí yóò máa gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti mu. Ẹ má gbọ́ "mo kan mu díẹ̀ ni." Omi tútù kì í lé ọtí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kọfí náà kì í lé e. Àkókò nìkan ló ń lé e.

Èkejì, gárèèjì. Kí àwọn tó ń ta paraga kúrò níbẹ̀. Dẹ́rẹ́bà tó bá mutí, kí ẹgbẹ́ onímọ́tò bá a wí lójú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kó má gbèrò fún oṣù kan. Bí oṣù bá pé, kí wọ́n gbà á padà, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ẹ rí i, ìtìjú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó lópin. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra.

Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ wa kọ̀wé sí Road Safety kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń yẹ èémí wò wá sójú ọ̀nà wa lásìkò ọdún. Ní New South Wales, ní Australia, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá awakọ̀ èyíkéyìí dúró fún irú àyẹ̀wò yìí ní Dìsẹ́ńbà 1982, iye àwọn tó ń kú lójú títì sì dínkù gan-an. Ohun tó ń ba ọ̀mùtí lẹ́rù ni kó mọ̀ dájú pé wọ́n máa mú òun. Ẹ̀rọ kì í sì í mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọlọ́kadà.

Ẹ̀kẹrin kan gbogbo wa. Bí o bá gbóòórùn ọtí lẹ́nu dẹ́rẹ́bà, sọ̀rọ̀. Bí kò bá gbọ́, sọ̀ kalẹ̀. Èèyàn mẹ́rìnlá á jókòó sínú bọ́ọ̀sì, gbogbo wọn á gbóòórùn rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní lanu, nítorí pé ojú ń tì wọ́n láti sọ̀rọ̀. Ìtìjú yẹn gan-an ló ń pa wá.

Alága, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ ká dìbò lórí ìgò ọrùn. Àwọn ohun mẹ́rin yìí ni kí ẹ gbé síwájú ilé, kó tó di Dìsẹ́ńbà.

Olúwa á máa gbé wa délé láyọ̀. Ìlú wa á tùbà, á tùṣẹ.